Ta Ló Máa Jẹ Èrè Orúkọ Aṣọ Òfì?

Ní oṣù kejì ọdún 2020, Kenneth Ize kó aṣọ òfì lọ sí àfihàn aṣọ ìlú Paris, Naomi Campbell sì wọ ọ̀kan nínú rẹ̀ jáde lójú àwọn tí ẹnu wọn ká ọjà aṣọ lágbàáyé. Èkó ni wọ́n ti bí Ize, orílẹ̀-èdè Austria ló dàgbà sí, Vienna ló ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ahunṣọ Ìlọrin ló gbára lé. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, ó ti wà lára àwọn tó kù sí ìpele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn LVMH, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ káàkiri ayé ń fi gbogbo ara dù. Inú wa dùn sí i nígbà náà, ó sì ń dùn síbẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ṣe ń wo òfì bí aṣọ àwọn bàbá arúgbó nìkan, á mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni ọmọkùnrin yìí ṣe.

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé ka iwájú àwọn ará Òkè-Ògùn àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kì í ṣe bóyá aṣọ òfì máa kú. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń pohùnréré ẹkún pé ó ti fẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjọ́ Sátidé tí òde ìgbéyàwó kì í kún fọ́fọ́ fún gèlè òfì. Aṣọ náà á yè. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ó lè yè, kó rìn jìnnà, kó lówó lórí gan-an, kí Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ ní Òkè-Ògùn, má sì rí nǹkan gidi jẹ nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń jáde. Láwọn àgbàlá Ìsẹ́yìn, lábẹ́ páànù tàbí lábẹ́ igi, àwọn ahunṣọ jókòó tẹ̀ lé ara wọn, òfì ìhunṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Òwú gígùn nà jáde níwájú oníkálukú lọ sí ọ̀ọ́kán, wọ́n sì fi òkúta tẹ ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè le dáadáa. Bí aṣọ ṣe ń jáde tí ahunṣọ ń ká a sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù olókùúta yẹn ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, omù á gbé apá kan òwú sókè, á rẹ apá kejì sílẹ̀, ọ̀kọ̀ á fò gba àárín wọn láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì, wọ́n á sì gbá òwú náà wọlé kó lè fún. Ohun tó ń jáde kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìnṣì mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Obìnrin tó bá fẹ́ ìró kan, ọ̀pọ̀ irú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa gé, tí wọ́n máa rán pọ̀ létí létí, kó tó rí nǹkan ró.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kan ìtẹsẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù ti parí. Ẹnì kan ti pinnu iye àwọ̀ tó máa wà níbẹ̀, èyí tó máa ṣáájú, iye fọ́nrán tí dúdú máa gbà kí funfun tó wọlé, ibi tí ihò máa wà àti ibi tí ọnà máa bọ́ sí. Bó bá ṣi fọ́nrán kan kà, àṣìṣe náà á bá a dé òpin ẹrù. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níléeṣẹ́ aṣọ ní Milan, owó àwòrán wà fún un lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, owó híhun nìkan la ń san. Oníbàárà á gbé òwú wá, á sọ iye ìró àti gèlè tó fẹ́, á fi fọ́tò kan han ahunṣọ lórí fóònù, wọ́n á sì dúnàá dúrà lórí iṣẹ́ ọwọ́. Bí ahunṣọ bá fi òye tirẹ̀ dá àrà tó yí fọ́tò yẹn padà, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn alájàpá òfì ti ń pàdé ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún, kò ní í tíì ná lẹ́ẹ̀mejì kí àrà náà tó wà lórí òfì ẹni tí kò mọ ẹni tó dá a.

Kì í sì í ṣe ahunṣọ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìtàn Shade Thomas-Fahm yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọdún 1933 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1953 pẹ̀lú èrò àtikọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkàn rẹ̀ yí sí aṣọ, ó sì gba ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's lọ ní London. Nígbà tó padà sílé lọ́dún 1960, àwọn obìnrin Èkó tó kàwé ti gbà pé gáùn òyìnbó ni ẹ̀wù ibi iṣẹ́, pé ìró àti bùbá di ọjọ́ ìnáwó. Shade kò bá wọn jiyàn lẹ́nu. Ó mú òfì tí à ń pè ní aṣọ òkè, ó mú àdìrẹ, ó mú aṣọ Akwete láti ilẹ̀ Ìgbò, ó sì rán wọn fún obìnrin tó ń sáré wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, tí kò ní àyè àtimáa tún ìró ró lójú ọ̀nà. Ó fi síìpù sí ìró, ó di ohun tí wọ́n lè wọ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì. Ó wé gèlè sílẹ̀, kí ẹni tó ni ín kàn gbé e dé bíi fìlà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní hótẹ́ẹ̀lì Federal Palace, níbi tí àwọn èèyàn ńlá ń wọ̀ sí nígbà náà.

Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ṣí àfihàn Africa Fashion ní London lọ́dún 2022, iṣẹ́ Shade wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti Chris Seydou ọmọ Mali àti Kofi Ansah ọmọ Gánà. Ẹ̀yẹ ńlá ni. Àmọ́ ẹ wo gèlè àwésílẹ̀ tó gba orí Instagram kan lónìí. Mélòó nínú àwọn tó ń tà á ló mọ̀ pé obìnrin kan ti ṣe é kí wọ́n tó bí àwọn ìyá wọn? Bí àrà bá lè já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kàwé ní London, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Federal Palace, kí ni ká wá sọ nípa ti ọmọ Ìsẹ́yìn tó jókòó sídìí òfì?

Àwọn kan máa ń sọ pé òwú òkèèrè ló ba òfì jẹ́, pé ká ti padà sí ti àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ máa lójú. A kò bá wọn lọ síbẹ̀. Àlàárì, irú òfì kan tí à ń fi yangàn, sílíìkì tí wọ́n fi ń hun èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, orí ràkúnmí ló gbà kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà láti etíkun Tripoli wá sí Kano kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òwú tó ń dán yinrin-yinrin, tí wọ́n ń pè ní ṣaín-ṣaín, tí àwọn àgbàlagbà ń bú, kò ju ọmọ ìyá sílíìkì yẹn lọ. Àwọn baba wa kì í kọ ohun tó bá dára nítorí pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Sányán, irú òfì mìíràn, lèyí tó dùn wá. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, ara ilé kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe ni wọ́n ti ń rí i. Àwọn kòkòrò náà á kóra jọ, wọ́n á hun ilé kan ṣoṣo tó gba gbogbo wọn sára igi. Wọ́n á já a wálé, wọ́n á sè é pẹ̀lú omi eérú kó lè rọ̀, wọ́n á ṣà á, wọ́n á sì fi ọwọ́ ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Àwọ̀ rẹ̀ kò pupa, kò funfun, kì í sì í ṣá bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú àpótí ìyá rẹ̀ àgbà, kó má ṣe tà á o. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń wọ̀ ní orúkọ sányán báyìí, òwú lásán tí wọ́n rẹ ní àwọ̀ rẹ̀ ni. Kòkòrò yẹn kò tíì run. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran án ló ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kò sì mọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó gbé e karí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé.

Ohun tó yí padà nípa òwú ni ẹni tó ń dá iye rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ahunṣọ tó ń ra òwú òkèèrè ń gbọ́ ìròyìn dọ́là bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn gba òwú. Àwọn tó ń ṣètò ọ̀gbìn òwú nílẹ̀ Nàìjíríà ka ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ́ ẹkùn gúúsù tí wọ́n ti ń gbìn ín. Kí ló dé tí a kò rí i lóko bó ṣe yẹ? Ẹ wo tábà. Iléeṣẹ́ tábà fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìsẹ́yìn àti Agọ́-Àrẹ dòwò pọ̀: wọ́n fún wọn ní irúgbìn àti ajílẹ̀, wọ́n rán ẹni tó ń kọ́ wọn lọ sóko, wọ́n sì ra ewé náà lọ́wọ́ wọn. Àgbẹ̀ kì í sá fún ohun tó mọ ẹni tó máa rà á. Ti òwú kò ní irú alábàákẹ́gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó yẹ kó máa ran án ti kógbá wọlé. Kaduna Textile tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1957 ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2002. Iléeṣẹ́ aṣọ UNTL, tó tóbi jù ú lọ, tẹ̀ lé e lọ́dún 2007. Ẹni tó bá ní kí àgbẹ̀ Ṣakí gbin òwú lónìí láìsọ ibi tí wọ́n ti máa ran án, ó fẹ́ sọ ọ́ sínú gbèsè ni. Ẹ̀rọ ìrànwú kékeré tí ìlú kan lè dá ní ló yẹ kó ṣáájú irúgbìn.

Yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n òwú, ewu kejì ti wà lórí àtẹ. Àwọn aládìrẹ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ti kígbe títí lórí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní China, tó gbé àwòrán àdìrẹ wọ̀ láìrí aró rí, tí iye rẹ̀ kò sì tó ìdajì tiwọn. Kente ti Gánà ti rí irú rẹ̀ tipẹ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ ṣe ní àwòrán òfì náà ti ń wọ ọjà. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí fún igba èèyàn kò ní í ka ìdí rẹ̀ sí bí iye rẹ̀ bá bá a lára mu, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Owó kò rọrùn. Àmọ́ ó yẹ kó mọ ohun tó ń rà. Ní báyìí, kò sí àmì kankan lára òfì tó lè sọ fún un.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú àwọn òǹkàwé wa lọ sí ibì kan tó jìnnà. Ní erékùṣù Outer Hebrides, lápá ìwọ̀ oòrùn Scotland, àwọn èèyàn kan ń fi irun àgùntàn hun aṣọ nípọn kan tí wọ́n ń pè ní Harris Tweed. Ibi tí òtútù pọ̀ tí iṣẹ́ kò sì pọ̀ ni. Lọ́dún 1909 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo orúkọ aṣọ náà, wọ́n sì ní àmì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn lára. Lọ́dún 1993, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba ṣe òfin odindi nítorí aṣọ kan ṣoṣo yìí. Òfin náà ní kò sí aṣọ tó gbọ́dọ̀ jẹ́ Harris Tweed àfi èyí tí ará erékùṣù náà fi ọwọ́ hun nínú ilé rẹ̀, tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rẹ irun rẹ̀ ní àwọ̀ tí wọ́n sì ti ran án. Ẹni tó bá lọ hun ún ní ibòmíràn, kó wá orúkọ mìíràn fún un.

Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé wọn kò jókòó ti òfì àwọn baba ńlá wọn. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 wọ́n gba òfì onírin tí ẹsẹ̀ ń wà. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wọ́n tún gba èyí tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì nítorí àwọn oníbàárà ń fẹ́ aṣọ fífẹ̀. Iná mànàmáná ni wọn kò gbà kó wọ ìdí òfì. Wọ́n mọ ohun tó lè yí àti ohun tí kò gbọdọ̀ yí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2004, nígbà tí iléeṣẹ́ Nike (ti bàtà la ń wí, kì í ṣe Màmá Nike aládìrẹ tiwa tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ l'Òṣogbo láti ọdún 1983) fẹ́ fi aṣọ náà ṣe bàtà, ọ̀dọ̀ ahunṣọ kan ní erékùṣù náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ lọ, nǹkan bí mítà 10,000. Òun nìkan kò lè dá a hun, àwọn ahunṣọ yòókù bá a pín in. Iléeṣẹ́ bàtà yẹn kò lè gbé e gba ẹ̀yìn lọ sí ibi tó pọ́ọ́kú, nítorí orúkọ náà kò ní í bá a lọ.

Kí ló ń dá tiwa dúró? Òfin wà. Òfin àmì ìdánimọ̀ ọjà ilẹ̀ wa, ti ọdún 1965, fàyè gba àmì ẹ̀rí, èyí tó ń jẹ́rìí sí ibi tí ọjà ti wá àti bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí àwọn ahunṣọ mọ̀: òfin náà kò gbà kí ẹni tó ń ta irú ọjà yẹn ni àmì náà. Ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ tàbí ti àwọn oníṣòwò òfì kò lè dá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ara wọn bí àwọn fúnra wọn bá ń tà. Wọ́n nílò àjọ kan tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ahunṣọ sì ní ohùn nínú rẹ̀. Òfin àwòrán ọjà ti ọdún 1970 náà wà, ó ń dáàbò bo àwòrán tuntun fún ọdún márùn-ún tí wọ́n lè sún síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Kò wúlò fún irú òfì bí ẹtù àti àlàárì tó ti wà látayébáyé. Fún ahunṣọ tó dá àrà lánàá, ó wúlò, bó bá rí ẹni tó máa bá a rin ìrìn àjò Abuja.

Àwọn ará Gánà ti ní òfin tó ń dáàbò bo orúkọ ọjà tó jẹ mọ́ ìlú láti ọdún 2003. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO fi iṣẹ́ híhun kente sínú ìwé àwọn ogún ìran ènìyàn. A kí wọn kú oríire, ṣùgbọ́n ìwé UNESCO kò lé ayédèrú kúrò lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Bí Ọ̀yọ́ bá fẹ́ sáré, kó sáré tẹ̀ lé àmì ẹ̀rí kó tó wá ìwé ẹ̀yẹ.

Ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti ṣe ohun tó yẹ ká dúpẹ́ fún ní agbègbè náà. Ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, ti mú kí òfì tètè dé Ìbàdàn. Yunifásítì LAUTECH ti gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn. Kí wọ́n fún ẹ̀ka yẹn ní iṣẹ́ tó bá ìlú mu: òwú, èlú tí wọ́n fi ń ṣe aró, àti kòkòrò sányán. Ohun tí a kò fẹ́ ni gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n máa kọ orúkọ òfì sí, tí gómìnà máa gé rìbọ́nnì níbẹ̀, tí ewúrẹ́ á sì wọ̀ láàárín ọdún méjì. Àwọn ahunṣọ ti ní ibi tí wọ́n jókòó sí.

Ẹ̀yin aránṣọ ńlá náà, ọ̀rọ̀ yín kù díẹ̀. Aṣọ kékeré kan wà tí ẹ máa ń rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù, tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti hun aṣọ náà sí abẹ́ tiyín. Kò ní í gbà yín ní kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ pé ahunṣọ ló dá àwòrán rẹ̀, ẹ san owó àwòrán fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

A mọ̀ pé Ìlọrin máa bínú bí a bá ń pe orúkọ Ìsẹ́yìn nìkan, Ọ̀yọ́ Aláàfin náà máa ní tòun dà, Ogidi ní Kogi kò sì ní í dákẹ́. Kí oníkálukú gba àmì tirẹ̀. Ẹni tó ń ra wáìnì ilẹ̀ Faransé kì í bínú pé ìlú tó wà lára ìgò pọ̀. Èyí tó le ju ìyẹn lọ ni ohun tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn fúnra wọn máa kọ sínú ìlànà àmì náà: ṣé aṣọ tí òfì oníná bá hun lè jẹ́ òfì Ìsẹ́yìn, ṣé òwú ṣaín-ṣaín wọlé, ṣé ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń hun ún ní Mushin ṣì ń hun òfì Ìsẹ́yìn? Kò sí gómìnà tàbí olóòtú ìwé ìròyìn tó lè bá wọn dáhùn. Ọdún 2027 ń bọ̀, àwọn olóṣèlú á tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fìlà òfì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún ìpolongo ìbò. Kí ìlànà yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, kí àwọn ahunṣọ sì ní kí olóṣèlú kọ̀ọ̀kan fi àmì han àwọn oníròyìn lára fìlà orí rẹ̀.